Kàbúkàbú ojú òfurufú: ohun tó ń tẹ̀yìn yọ bí bàálù kékeré bá já l'Ékòó

Ní Máfolúkù tí mò ń gbé, a kì í gbójú sókè wo bàálù mọ́. Àwọn ńlá ń kọjá láti ìdájí títí di òru. Fèrèsé á gbọ̀n, ẹni tó wà lórí fóònù á dákẹ́ díẹ̀, á sì tún máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Àlejò nìkan ló máa ń fò dìde. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ kékeré ló ń bọ̀, èyí tó ń dún kíkankíkan bíi jẹnẹrétọ̀ tí epo ti fẹ́ tán nínú rẹ̀, gbogbo wa la máa ń wòkè. Ìyá tó ń ta àkàrà lójúde wa sọ tirẹ̀ lọ́jọ́ kan: "Èyí tó tóbi, ìjọba mọ̀ ọ́n. Kékeré yìí ńkọ́, ta ló mọ ẹni tó ni ín?"

Ìbéèrè ìyá yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Bí bàálù kékeré bá já, òun gan-an ni ìbéèrè tí ẹbí, onílé àti agbẹjọ́rò máa ń bèèrè lẹ́yìn tí àwọn oníròyìn bá ti palẹ̀ kámẹ́rà wọn mọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 2023, ọ̀kan já sí Ọba Akran n'Íkẹjà. Kì í ṣe inú igbó, kì í ṣe inú omi, títì tí danfo àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gbà ni, nítòsí báǹkì kan. Jabiru J430 ni, nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀ sì ni 5N-CCQ. Wọ́n yọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ jáde láàyè. Ẹni tó bá mọ bí Ọba Akran ṣe máa ń rí lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́ yóò gbà pé orí ló kó àwọn tó wà nísàlẹ̀ náà yọ. Fún bí ọjọ́ mẹ́ta, fídíò rẹ̀ ló gba gbogbo WhatsApp kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ọ̀rọ̀ míì ti dé.

Òun kọ́ ni àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ 2020, hẹlikọ́pítà kan tó ń bọ̀ láti Port Harcourt já sáàárín ilé méjì ní Salvation Road, Opebi, àwọn mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ sì kú. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ 2015, hẹlikọ́pítà tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ bọ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń wa epo lójú òkun já sínú ọ̀sà l'Óworonṣoki. Nínú èèyàn 12, mẹ́fà kú, mẹ́fà yè. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá 2013, bàálù tí wọ́n háyà láti gbé òkú Olúṣẹ́gun Agagu, gómìnà Oǹdó tẹ́lẹ̀, lọ sí Àkúrẹ́ já ní kété tó gbéra ní pápákọ̀ Murtala Muhammed. Èèyàn 20 ló wà nínú rẹ̀, 16 ló bá a lọ.

N kò ka ti Ìjú-Ìṣàgá mọ́ ìwọ̀nyí, ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 2012, nígbà tí gbogbo èèyàn 153 inú bàálù kan kú pẹ̀lú àwọn tó jókòó sílé ara wọn ní ọjọ́ Àìkú. Bàálù ńlá nìyẹn, gbogbo ayé ló sì sunkún rẹ̀. Wọ́n kọ́ ibi ìrántí síbẹ̀. Àwọn kékeré kì í rí ibi ìrántí.

Kí la tiẹ̀ ń pè ní kékeré? Nínú òfin ìrìnnà òfurufú káàkiri àgbáyé, 5,700 kìlógíráàmù ni wọ́n sábà máa ń fi pààlà, ìyẹn ìwọ̀n bàálù pẹ̀lú epo, èrò àti ẹrù nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Irú Jabiru tó já ní Ọba Akran kò ju nǹkan bí 700 kìlógíráàmù lọ tòun ti ohun tó gbé. Danfo tó ṣófo wúwo tó méjì rẹ̀. Ìjókòó mẹ́rin ló ní, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ, ilẹ̀ Australia ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì máa ń tà á ní ẹ̀yà-ẹ̀yà fún ẹni tó bá fẹ́ tò ó fúnra rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ti pariwo: bàálù tí èèyàn ń tò nínú ọgbà ilé ẹ̀! Bẹ́ẹ̀ ni. Òfin fàyè gbà á lọ́pọ̀ orílẹ̀-èdè fún ẹni tó fẹ́ràn láti máa fò. Hẹlikọ́pítà Opebi, Bell 206, wúwo ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po méjì, síbẹ̀ kò sún mọ́ ààlà náà rárá. Ti òkú Agagu kọjá ààlà o, ṣùgbọ́n bàálù tí kì í gbà ju ọgbọ̀n èrò lọ, tí wọ́n sì háyà fún ìrìn àjò kan péré, ọ̀rọ̀ àwọn kékeré náà ló bá lọ.

Ohun tí àdúgbò sọ, ohun tí ìwádìí rí

Nígbà tí bàálù tó gbé òkú Agagu já, kò sí ohun tí etí kò gbọ́. Wọ́n ní òkú ń bínú. Wọ́n ní kò fẹ́ dá nìkan lọ. Àwọn kan rántí pé olóògbé náà ti jẹ́ mínísítà ètò ìrìnnà òfurufú rí nígbà tí Ọbásanjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba ní 1999, wọ́n wá fi ìyẹn kún un, wọ́n ní nǹkan ń bẹ lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Mo gbọ́ tèmi ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, mo sì mi orí bí ẹni tó gbà.

Ìwádìí jáde, kò sí òkú kankan nínú rẹ̀. Bàálù náà ní ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ohun tó wáyé nínú yàrá awakọ̀. Bí ó ṣe ń mú eré lórí títì, ohùn ẹ̀rọ ti ń kìlọ̀ pé ìyẹ́ tó wà lẹ́yìn apá bàálù kò sí nípò tó yẹ kó wà fún gbígbéra. Kò sì dákẹ́. Abẹ̀bẹ̀ ọ̀kan nínú ẹ́ńjìnnì méjèèjì náà kò yí bó ṣe yẹ kó yí. Igbákejì awakọ̀ bèèrè bóyá kí wọ́n dá a dúró. Ọ̀gá awakọ̀ ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n gbéra pẹ̀lú agbára tí kò tó, bàálù kò rí afẹ́fẹ́ dì mú, ó sì já.

Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ìbéèrè igbákejì yẹn. Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ nílẹ̀ yìí. Bí o bá rí i pé ọ̀gá ń wa mọ́tò lọ sí kòtò, o kò ní sọ pé "kòtò rè é." Wàá ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ibí la máa gbà?" Igbe ni, ọ̀wọ̀ la fi wé e. Nínú iṣẹ́ awakọ̀ òfurufú lónìí, ẹ̀kọ́ pàtàkì kan wà tí wọ́n fi ń kọ́ igbákejì láti ya ọ̀wọ̀ sọ́tọ̀, kó sọ̀rọ̀ gbangba, kí ọ̀gá náà sì kọ́ bí a ṣe ń gbọ́. Èmi kò rò pé ẹ̀kọ́ kankan wà tó le fún ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá tó ìyẹn.

Ti Oworonṣoki kò jọ èyí rárá. Ọ̀pá irin kan tó ń gbé àṣẹ ọwọ́ awakọ̀ dé ọ̀dọ̀ abẹ̀bẹ̀ orí hẹlikọ́pítà ló tú kúrò lára ìkángun rẹ̀. Awakọ̀ ń darí, abẹ̀bẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyẹn, kò sí iye ọdún tí èèyàn ti fi wakọ̀ tó lè gbà á. Àwọn awakọ̀ méjèèjì wà lára àwọn mẹ́fà tó kú. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n wú hẹlikọ́pítà náà jáde látinú ọ̀sà, tí wọ́n sì rí irin náà, kò pẹ́ tí Sikorsky, ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ní Amẹ́ríkà, fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń lo irú rẹ̀ pé kí wọ́n lọ yẹ ọ̀pá yẹn wò kíákíá. Èèyàn kan wà tó ń fo òkun lọ síbi iṣẹ́ epo ní ìlú òkèèrè, tí kò gbọ́ orúkọ Oworonṣoki rí láyé rẹ̀, tó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí wọ́n fà jáde látinú omi wa ló jẹ́ kó délé.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣèwádìí gan-an nìyẹn, òun náà ló sì máa ń bí àwọn ẹbí nínú. NSIB ni orúkọ àjọ tó ń ṣe é báyìí. AIB ni wọ́n ń pè é kí òfin 2022 tó yí orúkọ rẹ̀ padà, tó sì fi ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi kún iṣẹ́ rẹ̀. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé àbọ̀ àkọ́kọ́ jáde. Àbọ̀ yẹn kì í sọ ohun tó fà á, ohun tí wọ́n ti rí ló ń sọ. Àbọ̀ ìkẹyìn lè gba ọdún kan, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá sì dé, wọn kò ní kọ ọ́ síbẹ̀ pé lágbájá ló jẹ̀bi. Ohun tó ṣẹlẹ̀, ìdí rẹ̀, àti ohun tí wọ́n fẹ́ kí oníkálùkù tún ṣe ni wọ́n máa ń kọ. Wọn kì í ṣe ọlọ́pàá, wọn kì í sì í ṣe adájọ́. Opó tó ti ń retí orúkọ ẹnìkan láti ọdún méjì á ka gbogbo rẹ̀ tán, á bi ọ́ pé ta wá ni kí òun mú? Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí awakọ̀ bá mọ̀ pé ohun tí òun bá sọ ni wọ́n máa fi gbé òun lọ sẹ́wọ̀n, kò ní sọ òtítọ́, ọ̀pá irin míì á sì tú níbòmíràn.

Ìṣòro tó wà nínú bàálù kékeré ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ohùn tí ẹnikẹ́ni máa gbọ́. Ẹ̀rọ tí a ń pè ní àpótí dúdú, tó jẹ́ pé àwọ̀ ọsàn pípọ́n ni wọ́n ń kùn ún kó lè tètè hàn nínú igbó, òfin kò sọ ọ́ di dandan fún àwọn tó fúyẹ́. Hẹlikọ́pítà Opebi kò ní in. Nítorí náà, irin tó wó, ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ bá àwọn tó ń darí ọkọ̀ sọ, ìwé àtúnṣe, epo tó kù nínú táńkì, àti ohun tí ojú àwọn ará àdúgbò rí ni àwọn oníwàádìí máa ń fi ṣiṣẹ́. Kámẹ́rà tó wà lẹ́nu géètì ilé yín lè jẹ́ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. NSIB máa ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n fi fídíò ránṣẹ́ sáwọn. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn kí ẹ tó fi sórí ìkànnì o.

Mọ́tò tí kò ní àwọ̀ yẹ́lò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ l'Ékòó mọ kàbúkàbú. Mọ́tò tara ẹni ni, kò ní àwọ̀ yẹ́lò, kò ní nọ́ńbà tákisí, ẹni tó ni ín ló ń fi gbérò láàárọ̀ kó lè rí owó epo. Ó mọ́ tónítóní, kò sí agbèrò tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ èèyàn. Ìgbà tó bá forí sọ òpó iná lẹ óò tó mọ̀ pé orúkọ yín kò sí nínú ìwé kankan.

Òfurufú náà ní kàbúkàbú tirẹ̀. Oríṣi ìwé méjì ni NCAA, àjọ tó ń mójú tó ìrìnnà òfurufú, máa ń fún àwọn tó ní bàálù. Àkọ́kọ́ ni AOC, ìwé àṣẹ àwọn tó ń fi bàálù pawó. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní àwọn ẹlẹ́rọ, pé òun ní ètò àtúnṣe, pé wọ́n ń dán àwọn awakọ̀ òun wò lóòrèkóòrè, àti pé adójútòfò rẹ̀ tó gbé èrò. Ìkejì ni PNCF. Tara ẹni ni èyí: olówó, ẹbí rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni torí pé ó gbé e.

Ṣùgbọ́n bàálù tó wà nílẹ̀ láìfò ń jẹ owó: owó ààyè ìgúnlẹ̀, owó àtúnṣe, owó oṣù awakọ̀. Ẹni tó ni ín á wá sọ fún alárinà kan pé kó wá èrò wá. Alárinà á kọ ọ́ sí WhatsApp, ó ní àyè mẹ́ta wà lọ sí Abuja lọ́la. Ẹni tó ń náwó lóde àríyá, olórin tí wọ́n pè lọ síbi ìgbéyàwó, olóṣèlú tó fẹ́ dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo wọn á wọ̀ ọ́. Mínísítà ètò ìrìnnà òfurufú, Festus Keyamo, gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti dọdẹ wọn. Ní oṣù Kẹrin 2024, NCAA dá ìwé PNCF àwọn mẹ́wàá dúró torí ẹ̀sùn yìí, ó sì ní òun máa yẹ ti gbogbo àwọn tó kù wò. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Ó ṣòro láti mú wọn, nítorí bí ẹ bá bi èrò inú bàálù náà, á ní ọ̀rẹ́ òun ló ni ín, ọ̀rẹ́ sì ní ẹ̀tọ́ láti gbé ọ̀rẹ́.

N kò sọ pé ìwé kì í jẹ́ kí bàálù já. Herbert Wigwe, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tó ni báǹkì Access, kú pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀, Abímbọ́lá Ògúnbánjọ àtàwọn awakọ̀ méjì nínú hẹlikọ́pítà kan ní California ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì 2024. Ilé-iṣẹ́ tó níwèé ló gbé wọn, nílẹ̀ tí òfin ti múná. Òru ni, ojú ọjọ́ sì burú. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá 2023, bàálù tó gbé mínísítà iná mànàmáná, Adébáyọ̀ Adélabú, sá kúrò lórí títì pápákọ̀ wọ inú igbó nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ohun kan tó so irú àwọn ìrìn àjò wọ̀nyí pọ̀ ni pé bàálù tí a háyà kì í ní tábìlì àkókò. Ẹni tó sanwó ló ń sọ ìgbà tí wọn máa lọ. Bàálù ilé-iṣẹ́ ńlá á ní kùrukùru pọ̀, ẹ jókòó dè wá, ẹ̀yin èrò á pariwo títí, ẹ óò sì jókòó. Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá tó ti ń wo aago ọwọ́ rẹ̀?

Ohun tí ìwé máa ń ṣe gan-an, lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ ló ń hàn.

Owó, òkú àti fẹ́ńsì

Bí bàálù tó ní AOC bá já, ẹbí èrò kò nílò láti kọ́kọ́ fi ẹ̀rí hàn pé ẹnìkan ṣàìbìkítà. Òfin ìrìnnà òfurufú ti 2006, tó wà nílẹ̀ nígbà ìṣẹ̀lẹ̀ Ìjú-Ìṣàgá, mú àdéhùn Montreal ti 1999, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí ìrìnnà òfurufú, wọ inú òfin wa: ó kéré tán, $30,000 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ kí ẹbí lè fi gbọ́ bùkátà, kí gbogbo rẹ̀ sì lè dé $100,000 fún ìrìn àjò abẹ́lé. Òfin 2022 ló ti rọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àdéhùn yẹn, ẹni tó fi gbígbé èrò ṣe òwò ló mú. Bàálù tara ẹni tó gbé ọ̀rẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Ẹbí gbọ́dọ̀ lọ sílé ẹjọ́, kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn pé ẹnìkan ṣe ohun tí kò yẹ, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lè má sí níbẹ̀ rárá. Bó bá sì lọ jẹ́ pé kàbúkàbú ni, ilé-iṣẹ́ adójútòfò á kàn ṣí ìwé wọn, wọ́n á ní ìlò ara ẹni ni oníbàárà àwọn kọ síbí, èrò tó sanwó kò sí nínú àdéhùn. Wọ́n á pa fáìlì dé. NCAA ti ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹni tó bá wọ kàbúkàbú òfurufú ń wọ ohun tí adójútòfò rẹ̀ lè di asán, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń gbọ́ ìkìlọ̀ náà kì í ṣe àwọn tó ń wọ̀ ọ́.

Kódà níbi tí owó bá wà, ó máa ń pẹ́. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kò ní kó owó fún ẹni tó kàn dé pẹ̀lú ẹkún. Wọ́n á ní kó mú ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún wá láti ilé ẹjọ́ gíga, ibẹ̀ sì ni ẹbí Yorùbá ti máa ń dá ara rẹ̀ dúró. Àǹtí tó wà ní Ṣurulérè, tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó níwájú gbogbo ayé, á gbọ́ pé ìyàwó kan tún wà n'Íkòròdú tòun tọmọ méjì. Ẹ̀gbọ́n olóògbé á ní òun lòun rán an níléèwé. Bí ẹ bá ní bàbá tó ń fò káàkiri, ẹ fi ọgbọ́n bi í bóyá ó ti kọ ìwé ìhágún. Mo mọ̀ pé kò rọrùn láti sọ. Wọ́n á ní ṣé ẹ ń retí ikú òun ni.

Àwọn awakọ̀ àtàwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù yàtọ̀ sí èrò. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n, òfin owó gbà-máà-bínú òṣìṣẹ́ ti 2010, tí àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní NSITF ń bójú tó, ló kàn wọ́n, bó bá jẹ́ pé ọ̀gá wọn ń san owó rẹ̀ lóòótọ́.

Onílé tí nǹkan já lé lórí ńkọ́? Òun ni kò ra tíkẹ́ẹ̀tì, tí kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn. Adójútòfò bàálù gbọ́dọ̀ ní apá kan fún àwọn tó wà nílẹ̀, òun sì ni onílé máa dojú kọ. Ohun tó máa ń jẹ́ kí wọ́n pàdánù ni pé wọ́n ti gbá ilé, wọ́n ti tún fẹ́ńsì mọ, kí ẹnikẹ́ni tó wá wò ó. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, láti ara fẹ́ńsì dé ọ̀dọ̀ ìkòkò omi tó fọ́. Ẹ tọ́jú rìsíìtì bíríkìlà àti ti dókítà. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára bàálù sílẹ̀, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N bó bá jẹ́ ti Nàìjíríà, torí nọ́ńbà yẹn ni ìdáhùn ìbéèrè ìyá alákàrà wa. Gbogbo bàálù tó bá ní in ló wà nínú ìwé NCAA pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín.

Wákàtí àkọ́kọ́

Àwa la máa ń kọ́kọ́ débẹ̀, ká má tan ara wa. Kí ọkọ̀ panápaná tó já súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, onímẹ́káníìkì àti onísọ́ọ̀bù ti wà lórí irin, wọ́n ń fa èèyàn yọ. Ọlọ́run á bùkún wọn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tẹ̀lé wọn, tí wọ́n na fóònù sókè, ni wọ́n ń dí ọ̀nà mọ́ áńbúláǹsì. Lẹ́yìn wọn ni onígálọ́ọ̀nù máa ń dé.

Epo bàálù kì í ṣe oríṣi kan. Àwọn tó ń lo ẹ́ńjìnnì ńlá, tó fi mọ́ ọ̀pọ̀ hẹlikọ́pítà, ń jó ohun tó fẹ́ jọ kẹrosíìnì. Kékeré oní-abẹ̀bẹ̀ kan bíi Jabiru ń jó ohun tó jọ bẹntiróòlù, tí èéfín rẹ̀ nìkan tó láti gbaná. Ẹni tó gbọ́rọ̀ tó ń tẹ̀yìn ọkọ̀ agbépo yọ, ẹni tó rí bí ọkọ̀ agbépo ṣe gbaná lórí afárá Ọ̀tẹ́dọlá ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 2018, kò tún yẹ kó gbé gálọ́ọ̀nù dání lọ síbẹ̀. Ẹ pe 112 tàbí 767, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ sọ orúkọ òpópónà àti ohun tó wà nítòsí rẹ̀. Bí ẹ bá ti yọ ẹlẹ́mìí, ẹ fi irin sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìyẹ́ kékeré tí ọmọdé kan mú lọ sílé láti fi ṣeré lè jẹ́ èyí tí àwọn oníwàádìí máa wá kiri fún oṣù mẹ́fà.

Àbúrò mi kan ń ya fídíò òde àríyá. Lọ́dún tó kọjá, oníbàárà rẹ̀ kan ní kó wá, pé bàálù ọ̀gá kan ló máa gbé wọn láti Ìkẹjà lọ síbi ìgbéyàwó, kó kàn fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún epo. Inú rẹ̀ dùn, ó ti ń wá aṣọ tí yóò wọ̀ fi ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn bàálù. Mo ní kó bèèrè ohun mẹ́ta: orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni AOC, rìsíìtì tí orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà lórí rẹ̀, àti bóyá orúkọ tirẹ̀ gan-an máa wà nínú ìwé èrò. Ó bèèrè. Alárinà náà ka ìwé rẹ̀ lórí WhatsApp, àmì búlúù méjì yọ, kò fèsì fún odindi ọ̀sán. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ó fi ohùn ránṣẹ́: "Ọ̀gá mi, ó dà bíi pé o fẹ́ràn wàhálà. Wọ mọ́tò." Ó wọ mọ́tò. Wákàtí méje ló lò lójú ọ̀nà, ó sì bú mi dé ibẹ̀.